Oúnjẹ Kíákíá Ti Pẹ́ Nílé Yorùbá: Ìtàn Ìdáná Wa Láti Ilé Dé Kaduna

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn àwọn aṣáájú ni a sábà máa ń kà nínú irú ìwé báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, a fẹ́ kí ẹ bá wa wo ìtàn mìíràn tí ó sún mọ́ wa ju ti ọba lọ. Ìtàn ìkòkò ọbẹ̀ wa ni.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wa. A ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a sì ń wọlé nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Bí a bá dé, ó ti rẹ̀ wá, ebi ń pa àwọn ọmọ, iná kò sì sí. Ohun tí ó bá ti yá jù ni a ń jẹ: Indomie lónìí, búrẹ́dì lọ́la, ìrẹsì ẹ̀bá títì lọ́túnla. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń pàdé nínú ẹgbẹ́, tí ìpàdé kan kì í parí kí a má gbàdúrà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ dá dúbúlẹ̀. Bí a bá bi ara wa léèrè ìdí tí a fi ń jẹun báyìí, ìdáhùn kan náà ni a ń gbọ́: kò sí àyè, oúnjẹ Yorùbá ti ń pẹ́ jù.

Ìtàn kò ti ìdáhùn yẹn lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé oúnjẹ wa ń gba àkókò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní wákàtí tí ebi ń pa ènìyàn ni ó ń gbà á. Àwọn ìyá wa mọ bí a ti ń ya iṣẹ́ tí ó pẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí ó yá. Ọgbọ́n yìí ni a fi sílẹ̀ lẹ́yìn nígbà tí a dé ìlú òkèèrè, òun náà ni a sì fẹ́ kí a wá lọ.

ÀWỌN ÌYÁ WA KÒ JÓKÒÓ SÍLÉ

Àwọn kan rò pé obìnrin ayé àtijọ́ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó jókòó ti ààrò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọjà ni ibùjókòó àwọn obìnrin wa. Ọjà kéékèèké ń ná lójoojúmọ́, ọjà ńlá ń ná ní ọrọọrún, àwọn alájàpá sì ń gbé ẹrù rìn láti ìlú kan dé òmíràn. Ẹlòmíràn ń rẹ aró, ẹlòmíràn ń hun aṣọ, ẹlòmíràn ń ṣe epo pupa. Ọkọ náà wà lóko, bí oko bá sì jìnnà, ó lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó wálé. Ta ni ó wá ráyè dúró ti ìkòkò?

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín iṣẹ́ oúnjẹ sí méjì. Apá kìíní ń gba ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí àyè bá wà ni a ń ṣe é, a sì ń ṣe é lọ́pọ̀ kí ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Apá kejì kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Òun ni a ń ṣe nígbà tí ebi bá dé.

Ẹ wo èlùbọ́. A ó bẹ iṣu, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fi í sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì, a ó wá sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kaka kí a tó lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ jẹ àmàlà, bí omi bá ti hó, kò tó ìṣẹ́jú 10 tí a ó fi rò ó tán.

Ẹ wo gàrí. A ó bẹ ẹ̀gẹ́, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ṣàn jáde fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí a tó jọ̀ ọ́, kí a sì yan án nínú agbada. Iṣẹ́ yìí ni ó ń yọ oró kúrò nínú ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn èyí, omi gbígbóná nìkan ni ẹ̀bà ń fẹ́.

Ògì náà ń kọ́? Àgbàdo yóò wà nínú omi fún ọjọ́ 2 tàbí 3, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kí ó tòrò kí ó sì kan. Bí a bá ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í tètè bàjẹ́. Ìṣẹ́jú 5 ni ó ń fẹ́ lórí iná. Ìrú náà, a ó sè é mọ́jú, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó tún un sè, a ó bò ó fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti mú ọbẹ̀ dùn. Ilá tí a gé, tí a sá gbẹ, tí a gún, òun ni ọ̀rúnlá, ọbẹ̀ tí ó lè jinná kí a tó ro àmàlà tán.

Oúnjẹ kíákíá ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ìyá wa da omi síwájú.

Wọ́n tún pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ìyá ẹlẹ́kọ wà, ìyá alákàrà wà, ìyá onírú wà. Kò sí ilé kan tí ó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Lówùúrọ̀, ẹni tí ó ń lọ sóko tàbí sọ́jà yóò ra ẹ̀kọ àti àkàrà ládùúgbò, yóò jẹ ẹ́, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń tà mọ ẹni tí ó ń rà, nítorí náà ojú yóò ti ẹni tí ó bá ta ohun tí kò dára.

Oúnjẹ òwúrọ̀ yìí kì í kàn ṣe oúnjẹ tí ó yá nìkan. Èròjà tí ń mú ara dàgbà kò pé nínú àgbàdo. Ẹ̀wà ni ó ní èyí tí àgbàdo kò ní, àgbàdo náà sì ní èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ẹ̀wà. Nítorí náà, ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, pé ju kí a jẹ ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, lò nígbà tí wọ́n po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì fún àwọn ọmọdé kí ara wọn lè le.

OÚNJẸ TÍ Ó RIN ÌRÌN-ÀJÒ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oúnjẹ wa kò yí padà rí. Iṣu, ẹ̀wà, ilá àti irú jẹ́ ti ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní Áfíríkà. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata àti tòmátì, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Àwọn oníṣòwò Potogí ni ó kó àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wá sí etíkun wa, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn Àgùdà tí ó padà láti Brazil àti àwọn Sàró tí ó padà láti Freetown ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó mú kí gàrí tàn káàkiri. Àwọn ìyá wa gba ohun àjèjì wọ̀nyí, wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ ọgbọ́n àtijọ́: a rẹ ẹ́, a jẹ́ kí ó kan, a sá a, a tọ́jú rẹ̀. Ohun tuntun kò burú bí a bá mọ bí a ti ń lò ó.

Oúnjẹ wa pẹ̀lú lọ sí òkè òkun, nínú ìrora. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil kò gbàgbé àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Abará wọn jọ mọ́ínmọ́ín tí a fi ewé dì, acaçá wọn sì jọ ẹ̀kọ wa. Ní Cuba pẹ̀lú, wọ́n mọ àkàrà, wọ́n sì mọ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ní ìgbà ẹrú, àwọn obìnrin kan ní Salvador ń kiri oúnjẹ ní ìgboro, wọ́n ń fi apá kan èrè wọn pamọ́, àwọn mìíràn sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ara wọn padà. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ta acarajé sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ àwọn obìnrin náà ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Oúnjẹ kì í kú níbi tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá wà.

RÉLÙWÉÈ GBÉ WA DÉ ÒKÈ ỌYA

Ìrìn-àjò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó sì kọ́ wa. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tí ó fi di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sì sọ̀ ní Kano. Ní 1917, ìjọba amúnisìn kó olú-ìlú agbègbè Àríwá kúrò ní Zungeru wá sí Kaduna. Ìlú tuntun fẹ́ akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, káfíńtà, télọ̀ àti oníṣòwò, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Àwọn ìyàwó wọn bá wọn wá, tàbí kí wọ́n wá lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé tuntun: àkàrà, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, èlùbọ́ àti aṣọ títà.

Kí ni wọ́n bá níbí? Wọ́n bá àwọn Hausa tí ń fi koko àti kosai ṣe oúnjẹ òwúrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ pé kosai ni àkàrà, koko náà sì jẹ́ ọmọ ìyá ògì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkà bàbà tàbí jéró ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Dawadawa wọn ni irú wa, igi rẹ̀ sì pọ̀ ní pápá Òkè Ọya ju bí ó ti pọ̀ nínú igbó ilé lọ. Ewé igi oṣè tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n ń pè ní kuka, òun ni àwọn ará Ìlọrin ń fi se lúùrú. Dan wake tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà ṣe kì í pẹ́ lórí iná, zogale tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń fi kúlíkúlí àti àlùbọ́sà jẹ, sì ń ṣara lóore púpọ̀.

Kí a má tan ara wa, ilẹ̀ yìí kò gba oúnjẹ wa lọ́wọ́ wa. Àwọn aládùúgbò wa ń lo ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa lò, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyá Hausa tí ó ń ta kosai lẹ́nu ọ̀nà wa ń fún àwọn ọmọ wa ní oúnjẹ tí ó sún mọ́ ti ìyá wa àgbà ju èyí tí àwa fúnra wa ń fún wọn lọ.

NÍBO NI OKÙN TI JÁ?

Èkíní ni ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ mú irú rẹ̀ dé gbogbo Nàìjíríà. Ohun rere ni, òun ni ó sì sọ púpọ̀ nínú wa di ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń ṣa ẹ̀wà, tí ń pọn omi, tí ń sá ilá, ti wọ kíláàsì. Àwọn náà sì di ẹni tí a gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ fún kí aago 7 tó lù.

Èkejì ni aago. Oníṣòwò ni ó ń dá àkókò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá lè gbé ògì kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ aṣọ KTL bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ṣíìfù òwúrọ̀, ọ̀sán àti òru di ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ ìdílé, kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà tó kógbá sílé lẹ́yìn ọdún 2000. Ní ọ́fíìsì pẹ̀lú, ọkọ àti ìyàwó ni ó ń buwọ́ lùwé nísinsìnyí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, àwọn ọkùnrin kan nínú wa di ẹni tí ń dá gbé láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń wálé ní òpin rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí ń bá wa pín iṣẹ́ kò sí mọ́. Nínú agbo ilé, ìyá ọkọ wà, ìyálé wà, àwọn ọmọ wà. Nínú yàrá méjì àti pálọ̀ ní ìlú òkèèrè, ìyàwó ilé kan ṣoṣo ni ó di ẹlẹ́kọ, alákàrà, onírú àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Kò sí ènìyàn tí ó lè ṣe é kí ó má rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ àti iná. Ẹ̀rọ ìlọta ràn wá lọ́wọ́, sítóòfù náà ràn wá lọ́wọ́. Lẹ́yìn owó Udoji ti 1974, fíríìjì dé ilé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. A rò pé iṣẹ́ bùṣe, a kò sá ilá mọ́, a kò sá ata mọ́, inú fíríìjì ni a ń kó gbogbo nǹkan sí. Nígbà tí ó yá, iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ, ó ń bọ̀. A ti fi oòrùn sílẹ̀ nítorí iná, iná kò sì dúró tì wá.

Ẹ̀karùn-ún ni oúnjẹ inú páálí. Nestlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1961, Mágì sì gba ipò irú nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò. Indomie wọ ọjà wa ní 1988, ọdún 2 lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ tí owó oṣù kò tó ná mọ́. Ní 1995, wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà. A kò bú ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ tí ó yá, tí kò wọ́n, tí ọmọdé fẹ́ràn, kò lè ṣàìtà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a fi pààrọ̀ ohun tí a ní. Nínú irú, a ń rí èròjà tí ń mú ara dàgbà. Nínú Mágì àti àpò kékeré tí ó ń bá Indomie wá, iyọ̀ ni ó pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan, kí a ka ti inú Mágì mọ́ ọn. Ẹ wo iye Mágì tí ó ń wọ ìkòkò wa, kí ẹ sì rántí àwọn tí a ń gbàdúrà fún.

ẸKỌ́ TÍ ỌDÚN 2000 KỌ́ WA

Gbogbo ẹni tí ó wà ní Kaduna ní oṣù Kejì ọdún 2000 kò lè gbàgbé rògbòdìyàn ìgbà náà. A kò sọ ọ́ láti hú ọgbẹ́ àtijọ́, Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. A sọ ọ́ nítorí ohun tí ó fi hàn wá nínú ilé. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, ọjà tì, iná kò sí. Ilé tí ó gbójú lé fíríìjì àti oúnjẹ ẹ̀bá títì ni ebi kọ́kọ́ wọ̀. Ilé tí èlùbọ́, gàrí, ọ̀rúnlá, ẹja gbígbẹ àti irú wà, wọ́n jẹun, wọ́n sì bù fún aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Apá tí ó pẹ́ nínú iṣẹ́ oúnjẹ, èyí tí a ti ṣe sílẹ̀, ni ó dáàbò bo ìdílé.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí oúnjẹ wọ́n bí ojú, ẹ̀kọ́ yẹn tún ti padà wá. Ẹni tí ń ra oúnjẹ jíjinná lójoojúmọ́ mọ bí owó ṣe ń lọ.

BÍ A ṢE LÈ SO OKÙN NÁÀ PADÀ

A mọ̀ pé Sátidé ni òde wa, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí Yorùbá má lọ sí òde. Wákàtí 3 ní òwúrọ̀ Sátidé, kí a tó wé gèlè, ti tó fún apá tí ó pẹ́.

Ata ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Kí a lọ ata, tòmátì, tàtàsé àti àlùbọ́sà, kí a sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí a fi òróró díẹ̀ dín in, kí a sì pín in sínú abọ́ tí ó ní ìdérí. Ní ilé tí iná kò ti dúró, kí ó má ju ti ọjọ́ 2 lọ, kí a sì máa sè é hó ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí tòmátì bá pọ̀ lọ́jà, kí a gé e, kí a sá a. Oòrùn Kaduna kì í gba owó iná.

Ẹ̀wà ni ó tẹ̀ lé e. Kí a ṣa á sílẹ̀, kí a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú ọjọ́ tí a bá fẹ́ sè é, yóò tètè rọ̀. A sì lè bó o, kí a sá a, kí a lọ̀ ọ́ gbẹ, kí àkàrà àti mọ́ínmọ́ín wà nítòsí nígbàkígbà. Bí ewé kò bá sí, inú agolo tàbí abọ́ ni kí a ti se mọ́ínmọ́ín, kì í ṣe inú ọ̀rá. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi oògùn kòkòrò sínú ẹ̀wà. Nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró ní 2015. Oòrùn, ata gbígbẹ, àti ike tí ó dé pinpin, ó tó.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀sẹ̀ yóò fúyẹ́. Ọjọ́ Ajé, ògì àti àkàrà ní òwúrọ̀, àmàlà àti ọ̀rúnlá ní alẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀wà tí a ti rẹ, pẹ̀lú gàrí tàbí dòdò díẹ̀. Ọjọ́rú, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ọjọ́bọ̀, ẹ̀bà tí kò tóbi jù, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí ó pọ̀, tí a fi irú àti ẹja gbígbẹ sè. Ọjọ́ Ẹtì, àsáró iṣu tí a fọ́n ewé ẹ̀fọ́ tàbí zogale sí. Bí àwọn ọmọ bá bẹ̀bẹ̀ fún Indomie, kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a fi ìdajì iyọ̀ inú àpò rẹ̀ sí i, kí a fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ kún un.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọkùnrin tí ó lè ka fáìlì ojú ewé 50 lè ṣa ẹ̀wà kọ́ńgò kan. Àwọn tí ń dá gbé ní Àbújá, tí wọ́n ń ro àmàlà fúnra wọn, ti fi hàn wá pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Kí a kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bákan náà.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Àwọn bàbá wa mọ àáró. Oko lágbájá lónìí, oko tàmẹ̀dò lọ́la, títí yóò fi kárí. Kí ni ó ṣe tí a kò lè ṣe àáró ìdáná? Kí ìdílé mẹ́rin ní àdúgbò kan para pọ̀. Kí ọ̀kan ṣe ògì fún gbogbo wọn, kí èkejì lọ ìyẹ̀fun ẹ̀wà, kí ẹ̀kẹta sá ilá àti ata, kí ẹ̀kẹrin wá èlùbọ́ àti irú gidi láti ilé. Kí a dá owó jọ, kí a ra ẹ̀wà àti gàrí ní àpò-àpò, kí a pín in. Kò sí ìyàwó ilé kan tí yóò tún máa dá ṣe iṣẹ́ obìnrin mẹ́rin, bí àwọn ìyá wa kò ti dá a ṣe rí. A dá a lábàá pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé mẹ́rin kan kí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n sì wá jábọ̀ fún wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí Olódùmarè fi oúnjẹ sí ẹnu wa, kí ó fi ìlera sí ara wa, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa sọ adùn ilé nù sí ìlú òkèèrè. Àmín.